Ìkẹ́olúwa Gbèjà Ẹni Tí Kò Rí Rí

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó ni ìtàn yìí ló fún mi láṣẹ kí n sọ ọ́, ó sì ní kí n má bo ohunkóhun fún òun. Ó ní bí ẹnìkan bá wà níbì kan tó ń jà nítorí ohun tí kò mọ̀dí, bóyá ìtìjú tòun á kó onítọ̀hún yọ. Èmi ò mọ̀ bóyá á kó ẹnikẹ́ni yọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ní kó dákẹ́ ná kí n mumi.

Báǹkì kan ló gbé Ìkẹ́olúwa Akínwándé láti Ìbàdàn lọ sí Port Harcourt lọ́dún 2018. Kò mọ ẹnìkan níbẹ̀ àfi Eunice, ọmọ ìjọ wọn tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí àwọn méjèèjì jọ gba ilé sí Rumuigbo. Níbi iṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ló máa ń ni ín lára jù. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dà á láàmú o. Odi Iyọ̀ ni.

Odi Iyọ̀ ni fíìmù òyìnbó kan tí wọ́n ti ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n láti bí ọdún mẹ́jọ. Ó kún fún iwin inú omi, fún oṣó tó ń sọ òjò di iyọ̀, àti fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń du ìtẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àbúrò ni Mírẹ́n, ọbabìnrin. Ẹ̀gbọ́n ni Dákọ́s, ẹni tí gbogbo ayé kórìíra. Tó bá ti di Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì á kọ́kọ́ dá ẹjọ́ Mírẹ́n àti Dákọ́s ná kí wọ́n tó dá oníbàárà lóhùn. Ìkẹ́olúwa á jókòó láàárín wọn bí àlejò tí kò gbọ́ èdè.

Ẹ má sọ pé kí ló dé tí kò wò ó. Ó gbìyànjú. Láti kékeré ni òòyì ti máa ń kọ́ ọ bó bá rí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tó tan ìpín kìíní Odi Iyọ̀, orin ìbẹ̀rẹ̀ ò tíì tán tí wọ́n ti bẹ́ ẹnìkan lórí. Eunice ló fi abẹ̀bẹ̀ jí i.

"Ìwọ náà wo nǹkan mìíràn," ni Eunice wí. "Èmi tí mò ń rí ẹ̀jẹ̀ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ṣé mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri ni?"

Ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ Káyọ̀ Adébíyìí wà níbi iṣẹ́ yẹn, ọkùnrin gíga, oníwà jẹ́jẹ́, tó ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà wọn. Ìkẹ́olúwa ti ń wò ó láti ọjọ́ tó dé. Káyọ̀ ní tiẹ̀ ò wò ó. "Ẹ káàárọ̀," "ẹ kúrọ̀lẹ́," ó ti tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, àríyànjiyàn gbóná. Wọ́n ń bi ara wọn ẹni tí ìtẹ́ tọ́ sí. Káyọ̀ bá yíjú sí i.

"Ìkẹ́olúwa, ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yìn ta lo wà?"

Ó lè sọ pé òun kì í wò ó. Kò sí ẹni tí ì bá nà án. Ṣùgbọ́n ojú ọmọkùnrin yẹn wà lára rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé Tálmọ̀ nìkan ni kò da Mírẹ́n rí.

"Èmi, ẹ̀yìn Tálmọ̀ ni mo wà," ló wí, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e gorí ìtẹ́, ká lè rí àlàáfíà."

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ń lu tábìlì. Káyọ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nu omijé, ó sì ń wo Ìkẹ́olúwa bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ló dé sí báǹkì.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí Ìkẹ́olúwa kò mọ̀ fún yín. Ẹṣin ni Tálmọ̀. Ẹṣin funfun tí ọbabìnrin ń gùn ni, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, tó ń jẹ koríko. Gbogbo wọn rò pé ńṣe ló fi ọgbọ́n bú àwọn tó ń jà nítorí ìtẹ́. Òun rò pé akọni ọkùnrin kan ni, tí gbogbo èèyàn fẹ́ràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Káyọ̀ fi í sínú ẹgbẹ́ wọn lórí Wàsáàpù. Tamunotonye ni olórí ibẹ̀, ọmọ Okrika kan tó ń gbé ní Abuloma. Òfin rẹ̀ le. Nítorí àwọn tí kò tíì wo gbogbo ìpín, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù níbẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣàpèjúwe ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ fi àwòrán ránṣẹ́. Orúkọ ẹni tí o wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan lo lè dá, kí o sì máa yìn ín. Wọ́n yọ ọkùnrin kan nítorí pé ó kọ "Ó mà ṣe o" síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní ìyẹn ti jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ẹnìkan kú.

Ẹ rí i pé òfin yìí gan-an ló dáàbò bo Ìkẹ́olúwa. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọdọ̀ sọ ohun tó rí, ta ló máa mọ̀ pé kò rí nǹkan kan?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. "Ẹ dárúkọ ọmọ ọba kan fún mi tó ní sùúrù bíi Tálmọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tálmọ̀ kì í sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa." Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Tamunotonye fi ohùn ránṣẹ́: "Madam Tálmọ̀, abeg, I dey road, make you no make me jam person."

Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Madam Tálmọ̀ níbí, Madam Tálmọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn ń fi ẹ̀yìn Mírẹ́n sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Asiata, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Dákọ́s láti ìbẹ̀rẹ̀, dá ẹ̀wù tí wọ́n kọ "Tálmọ̀ Lọba" sí láyà, ó fún un ní ọ̀kan. Ọmọbìnrin tí kò ní ọ̀rẹ́ ní Port Harcourt wá di ẹni tí wọn kì í jẹun láìpè.

Ẹ máa ní kí ló dé tí kò wo orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wò ó. Àwòrán kan ló rí, tí wọ́n kọ "Mírẹ́n àti Tálmọ̀" sí lábẹ́. Mírẹ́n wà lórí ẹṣin, ọkùnrin arẹwà kan tó nírùngbọ̀n sì di ìjánu ẹṣin náà mú. Ìkẹ́olúwa wo ọkùnrin yẹn títí, ó ní ẹ ò rí akọni. Ó fi àwòrán náà pamọ́ sínú fóònù.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ yìí ò pa lẹ́rìn-ín. Quadri ni orúkọ rẹ̀, olórí àwọn ọmọ ẹ̀yìn Mírẹ́n. Quadri lẹ àwòrán Mírẹ́n mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí Dákọ́s gba ìtẹ́, aṣọ dúdú ló ń wọ̀ wá sí báǹkì títí ọ̀gá fi bi í pé ta ló kú ní ilé wọn. Asiata tó jẹ́ ọmọ àǹtí rẹ̀ gan-an, wọn kì í kí ara wọn mọ́ nítorí Dákọ́s. Tí Quadri bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ rán an, á ní kí ẹlòmíì bá òun sọ fún un.

"Ọ̀rọ̀ ìtẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́," ló máa ń kọ sínú ẹgbẹ́.

Nígbà tó yá, Káyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ìkẹ́olúwa lọ jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja sísun lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó bi í pé, "Abeg, sọ òótọ́ fún mi. Kí lo rí lára Tálmọ̀ yìí gan-an?"

Ìkẹ́olúwa kò mọ ẹyọ kan nípa Tálmọ̀. Ó wo ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rí.

"Kì í sọ̀rọ̀ jù. Ẹrù ẹlòmíì kì í wúwo fún un. Bí òjò bá ń rọ̀, á dúró de èèyàn níta, kò ní ráhùn. Bí mo bá rí ọkọ tó rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara mi ni màá fi máa bọ́ ọ."

Ata gba ihò imú Káyọ̀ lọ. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún wúkọ́. Obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì gbé omi fún un.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Ìkẹ́olúwa bi í. Ó dùn ún díẹ̀.

"Kò sí o. Ṣé wàá fẹ́ ẹ?"

"Bó bá wá lọ́la, màá tẹ̀ lé e lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Káyọ̀ pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ tó lè pa òun lẹ́rìn-ín báyìí láìfi ojú rẹ́rìn-ín, òun ò ní jẹ́ kó lọ.

Ìfẹ́ dé, ìbẹ̀rù náà sì dé. Eunice ò fi í lọ́rùn sílẹ̀.

"Sọ fún un, Ìkẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá."

"Màá sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí."

Ó fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ nínú mọ́tò Káyọ̀, ó la ẹnu. Káyọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣé o mọ ohun tó wù mí lára ẹ? O kì í tẹ̀ lé èrò. Ohun tí o bá fojú ara ẹ rí lo máa ń sọ. Tí a bá wo ìpín tó kẹ́yìn tán ní Abuloma, mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ẹ́."

Ìkẹ́olúwa pa ẹnu dé. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tán, táá wá sọ pé òun ò fojú òun rí nǹkan kan? Ó ní ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó tán lòun máa sọ ọ́. Ẹ máa wo ìwà èèyàn.

Ọjọ́ ìpín ìkẹyìn pé lọ́dún 2019. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè ni gbogbo wọn lọ sí ilé Tamunotonye létí omi ní Abuloma. Wọ́n ń yan ẹja níta, tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Tamunotonye bá dìde, ó ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìjẹ́rìí kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Olórí ìhà kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fíìmù àti ohun tó fà á lọ́kàn mọ́ra. Gbogbo èèyàn ti wo àwọn ìpín tó ṣáájú tán, wọ́n ti ká òfin kúrò, ẹnu ti ṣí.

Quadri jẹ́rìí. Ó sọ nípa Mírẹ́n létí omi, ọmọdé tí wọ́n lé kúrò nílé, ó sì sunkún ní tòótọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Asiata pàápàá nu ojú.

"Oya, Madam Tálmọ̀," ni Tamunotonye wí.

Yorùbá ní a kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìẹ. Ìkẹ́olúwa dìde. Káyọ̀ ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ nǹkan kan. Àwòrán inú fóònù nìkan ló ní lọ́wọ́, òun ló sì gbára lé.

"Irùngbọ̀n rẹ̀ ló kọ́kọ́ wù mí," ló wí.

Ilé wó fún ẹ̀rín. Tamunotonye di àga mú. Ìkẹ́olúwa dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

"Àti bó ṣe máa ń rọra bá ọbabìnrin sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ á tutù bí omi àmù."

Ẹ̀rín dín kù. Àwọn kan ń wo ara wọn.

"Irùngbọ̀n wo?" ni Quadri bi í.

"Irùngbọ̀n ẹ̀ náà. Ṣebí ẹ̀yin náà rí i."

"Fi hàn wá."

Ó fa fóònù yọ, kò bẹ̀rù. Ó ṣí àwòrán yẹn, ó gbé e fún Tamunotonye. Quadri yọ orí wò ó.

"Èwo ni Tálmọ̀ níbí yìí?"

Ìkẹ́olúwa na ìka sí onírùngbọ̀n.

Tamunotonye wo ibi tó na ìka sí, ó tún wo ojú rẹ̀.

"My sister," ni Tamunotonye wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "this one na the man wey dey pack horse shit. Tálmọ̀ na the horse."

Ìkẹ́olúwa wo ẹṣin náà. Ó tún un wò. Gbogbo ohun tó ti kọ àti èyí tó ti sọ láti ọdún kan ń padà bọ̀ wá bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ọ̀rọ̀ pé òun á máa fi ọwọ́ bọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ará," ni Quadri wí, ayọ̀ kò jẹ́ kó lè dúró lójú kan, "arábìnrin yìí kò wo fíìmù yìí rí láyé ẹ̀."

Ẹ ò mọ ìbínú àfi tí ẹ bá rí ìbínú àwọn tó fẹ́ràn fíìmù kan. Àwọn tó wọ "Tálmọ̀ Lọba" bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ̀wù wọn síta-sínú. Asiata ní, "So gbogbo ìgbà tí mò ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni mò ń ṣe yẹ̀yẹ́?" Fóònù Ìkẹ́olúwa dún lọ́wọ́ Tamunotonye. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kò tiẹ̀ tíì kúrò nínú ilé.

Káyọ̀ mú un jáde.

"Ṣé o ti wo ìpín kan ṣoṣo rí?"

"Rárá."

"Ọjọ́ tí a jẹ bọ̀ọ̀lì yẹn ńkọ́?"

"Mo rò pé èèyàn ni."

Òun pàápàá rò pé Káyọ̀ á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mo sọ fún màmá mi pé mo rí ọmọ kan tó ń rí ohun tí àwọn yòókù ò rí," ló wí. "Ìkẹ́, o ò rí nǹkan kan. Èmi ò wá mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí."

Ó dá mọ́tò dúró fún un, ó sọ Rumuigbo fún awakọ̀, ó sì padà wọlé lọ wo fíìmù. Ìbéèrè tó ní òun fẹ́ bi í, kò bi í.

Ìkẹ́olúwa sunkún títí dé ilé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹnìkan ti di koríko tútù jọ sórí tábìlì rẹ̀. Ó sọ fún mi pé koríko yẹn ò dùn ún tó bí Káyọ̀ ṣe kọjá, tó kí i pé "ẹ káàárọ̀", bí ìgbà tí ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé rẹ̀. Ìpín ìkẹyìn náà kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn, gbogbo ẹgbẹ́ sì kó ìbínú lọ sórí àwọn òyìnbó tó kọ ọ́. Quadri ya Mírẹ́n kúrò lára mọ́tò. Wọ́n ń ṣépè fún àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn.

Ìkẹ́olúwa kò bá wọn dá sí i. Ó tan ìpín kìíní.

Eunice ló jókòó tì í, ó di ìró lọ́wọ́. Bí idà bá ti jáde, á fi ìró bo Ìkẹ́olúwa lójú. "Wọ́n ti pa á tán. Ṣí ojú." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ní ìdajì ọ̀nà, Eunice tí ò fẹ́ wò ó tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tètè ti iṣẹ́ dé.

Nígbà tó wò ó tán, ó lọ bá Káyọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán lẹ́yìn báǹkì, ó fa àga.

"Mo ti wò ó. Gbogbo rẹ̀."

Káyọ̀ wò ó. "Báwo ni Tálmọ̀ ṣe parí?"

"Ó dá nìkan padà wálé láti ojú ogun, kò sẹ́ni lórí ẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́nu odi, kò dìde mọ́. Mo sunkún, Eunice náà sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo fẹ́ kí ẹ wò mí ni, mi ò mọ ọ̀nà mìíràn."

Ojú Káyọ̀ rọ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀yìn ta lo wà báyìí?"

Ìkẹ́olúwa mọ ohun tó yẹ kóun sọ. Ọmọ ẹ̀yìn Mírẹ́n ni Káyọ̀, kò fi pamọ́ rí. Bó bá sọ pé Mírẹ́n, ó ti tán. Bó bá sọ pé Tálmọ̀, á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dé orí ahọ́n rẹ̀, ó sì gbé wọn mì.

"Dákọ́s," ló wí.

"Ta?"

"Dákọ́s."

"Dákọ́s tó ti àbúrò ẹ̀ mọ́lé?"

"Òun náà. Nígbà tí Mírẹ́n yín ti ibodè mọ́ àwọn ará etídò, ta ló fún wọn lómi mu? Ẹnu dídùn ni Mírẹ́n yín ní, kò ní nǹkan mìíràn."

Káyọ̀ ju ṣíbí sílẹ̀. "Ìkẹ́, o ò wo fíìmù yẹn dáadáa."

"Mo wò ó. Ẹ̀yin lẹ ò wò ó. Ojú ọbabìnrin lẹ̀ ń wò láti ọdún mẹ́jọ."

"Apaniyàn ni Dákọ́s."

"Ta ni ò paniyàn níbẹ̀?"

Asiata tó jókòó nídìí ògiri yí àga rẹ̀ padà kó lè gbọ́ dáadáa. Ìyá olóúnjẹ kó àwo wọn, ó ní, "Abeg, who die?" Káyọ̀ ń ka ẹ̀ṣẹ̀ Dákọ́s lórí ìka, Ìkẹ́olúwa ń já a nírọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìpín tó ti ṣẹlẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n ṣe dúró àti ohun tí wọ́n wọ̀. Àkókò ìjẹun ti kọjá kí wọ́n tó dìde. Inú ń bí Káyọ̀ gan-an.

Nígbà tí wọ́n dé etí títì, ó na ọwọ́ sí i.

"Jẹ́ ká sọdá. Mo ṣì ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ bi ẹ́, ṣùgbọ́n o máa kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mírẹ́n."

"Mi ò ní tọrọ," ni Ìkẹ́olúwa wí, ó sì di ọwọ́ náà mú.